Omi tó tòrò lè ní òjé nínú
Ẹ ṣeun fún ìròyìn yìí o, ti sẹ́ńsọ̀ (ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá òjé wà nínú omi) tí wọ́n fi góòlù wẹ́wẹ́ tójú ò lè rí ṣe yẹn, pé àwọ̀ ẹ̀ á pupa bíi wáìnì tó bá wà nínú omi tó dáa, ṣùgbọ́n tí òjé tàbí mẹ́kúrì bá wà níbẹ̀ àwọn góòlù yẹn á so mọ́ra, àwọ̀ ẹ̀ á sì di búlúù. Ojú lásán lèèyàn á fi rí i! Ìyẹn ló dùn mọ́ mi jù.

Ẹ rántí Zamfara lọ́dún 2010, ọmọdé tó ju 400 lọ ló kú torí òjé inú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nínú ọgbà ilé, eruku ẹ̀ bo ilẹ̀, ó sì wọ kànga míì.

Nílé wa, álọ́ọ̀mù la máa ń jù sínú omi kànga, tó bá ti tòrò tẹ́ ẹ lè rí ìsàlẹ̀ ike, ó parí, a ti ń bù ú mu nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ òjé kì í rùn, téèyàn bá sè é gan-an kò ní lọ, omi ló máa fà tí òjé á sì kù síbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi àwọn tó ṣe sẹ́ńsọ̀ náà: WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní òjé ò gbọ́dọ̀ ju máíkírógíráàmù 10 lọ nínú lítà omi kan, ṣé sẹ́ńsọ̀ yìí lè rí iye tó kéré tó yẹn nínú omi kànga gidi? Torí iyọ̀ inú omi nìkan náà lè mú kí góòlù yẹn so pọ̀.