Ilé kì í ṣe ibi ìkẹ́ nínú gbogbo ìwé Faransé
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́ pé ibi ìkẹ́ ọmọ ni ilé nínú ìwé Faransé, ṣùgbọ́n mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo Poil de Carotte (Irun Kárọ́ọ̀tì), ìwé ìtàn tí òǹkọ̀wé Faransé Jules Renard kọ ní 1894. Ìyá ló sọ àbíkẹ́yìn rẹ̀ lórúkọ yẹn nítorí irun ọmọ náà pupa! Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, wọ́n gbàgbé láti ti ilé adìyẹ lálẹ́. Ẹ̀gbọ́n méjèèjì kọ̀ láti lọ tì í, ìyá fi ìgbájú halẹ̀ mọ́ àbúrò kó tó lọ. Ẹ̀gbọ́n obìnrin gbé àbẹ́là sìn ín dé òpin ọ̀ọ̀dẹ̀. Atẹ́gùn pa iná àbẹ́là náà, ni ẹ̀gbọ́n bá sá padà. Ọmọ ti ilẹ̀kùn, ó sáré wọlé, ó ń retí oríyìn. Ìyá ní kó máa lọ tì í ní alaalẹ́. Àwàdà ni Renard fi kọ ọ́, ibẹ̀ gan-an ló ti dunni.