Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ: Fún Onímọ̀ Ewé àti Kòkòrò Tó Ń Ṣiṣẹ́ Nílé Ẹbí

Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá ń kó ewé àti kòkòrò jọ fún ìwádìí, tó sì jẹ́ pé ilé bàbá rẹ̀ ló ti ń ṣe é, kó gbọ́ òwe yìí lẹ́ẹ̀mejì. Kó wo irú ilé tó wà kó tó gbé iṣẹ́ wọ ibẹ̀. Kó sì kọ ilé tí ewé ti wá sílẹ̀ kó tó máa wá orúkọ ewé. Ti ìkejì yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé, òun náà ló sì ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù.

Ẹ wo ewúro. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń pè é ní Vernonia amygdalina. Gymnanthemum amygdalinum ni wọ́n ń pè é báyìí. Orúkọ yí padà, ibi tí wọ́n ti já ẹ̀ka náà ò yí padà. Bó bá jẹ́ orúkọ nìkan ló wà lára ìwé, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ní rí ohun tí yóò tọ̀. Nítorí náà, kí lébẹ́ẹ̀lì sọ orílẹ̀-èdè, ìpínlẹ̀, ìlú àti àdúgbò, nọ́ńbà GPS tó ń tọ́ka ibi tí ẹ wà, tí fóònù bá gbé wá, ọjọ́, ẹni tó já a, àti nọ́ńbà tí ewé mìíràn ò jẹ́ rárá. Ẹ fi nọ́ńbà Róòmù kọ oṣù, bíi 4.VII.2025, torí bí ẹ bá kọ 4/7, ará Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ keje oṣù kẹrin. Àwọ̀ òdòdó, òórùn rẹ̀ àti gíga igi, ojú ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ wọ́n, nítorí ewé gbígbẹ ò ní í sọ wọ́n fún yín. Bí àwọn ará ìlú bá dárúkọ ewé, ẹ kọ orúkọ náà, kí ẹ kọ ìlú náà mọ́ ọn. Orúkọ kan náà lè jẹ́ ti ewé mìíràn ní ìlú kejì.

Kọ̀ǹpútà náà ní ilé tirẹ̀. Lọ́dún 2020, ìgbìmọ̀ tó ń sọ jíìnì ọmọ ènìyàn lórúkọ pa orúkọ mélòó kan dà nítorí Excel, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń to àkọsílẹ̀ sí òpó òpó: MARCH1 di MARCHF1, SEPT1 di SEPTIN1, torí Excel ń sọ wọ́n di ọjọ́ inú oṣù. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun sínú rẹ̀, ẹ sọ òpó nọ́ńbà àti òpó ọjọ́ di Text.

Ní ti ilé gan-an, ewé ló bá ilé ẹbí mu jù. Láti tẹ ewé gbẹ, pákó pẹlẹbẹ méjì, 30 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú, 45 ní gígùn, páálí tí a gé bá wọn mu, ìwé ìròyìn àtijọ́ àti okùn méjì tó yi, ó tán. Ìwé tí wọ́n máa lẹ ewé mọ́ níkẹyìn tó nǹkan bíi 29 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú, 42 ní gígùn, nítorí náà ẹ̀ka tó bá gùn jù, ẹ ká a bíi lẹ́tà V. Ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, ẹ dojú ewé kan dé, ó kéré tán, kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè hàn, ẹ fi páálí sáàárín ẹ̀ka kan àti èkejì, kí ẹ wá dì í le. Ní ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, àràárọ̀ ni ẹ ó máa pààrọ̀ ìwé ìròyìn. Ẹ tún okùn fà nígbà kọ̀ọ̀kan, torí ewé ń sún kì bó ṣe ń gbẹ. Bí okùn bá dẹ̀, ewé á hunjọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀sẹ̀ kan lè tó. Nígbà òjò, ẹni tó bá fo ọjọ́ kan, ewé rẹ̀ á dúdú, á sì bu. Ẹ sá ìwé tó tutù sóòrùn, ẹ ó tún un lò. Ẹ má gbé pákó sórí sítóòfù pé kó yá: ewé á sè, ìwé ìròyìn á gbiná. Láti mọ̀ bó bá ti gbẹ, ẹ fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bó bá tutù, omi ṣì wà nínú rẹ̀.

Àbámodá yàtọ̀. Ó lè wà láàárín pákó kó ṣì máa hu ọmọ létí ewé. Ẹ ti ewé àti igi rẹ̀ bọ omi híhó fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kan òdòdó, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Kí ìkòkò náà má ṣe jẹ́ ti ọbẹ̀.

Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ewé tó gbẹ lè gbé ẹyin kòkòrò wọlé, fírísà la fi ń pa á. Màmá ló ni fírísà: ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó fi ohunkóhun síbẹ̀. Náílọ́ọ̀nù méjì tí a dì pa, inú ike tó ní ìdérí, kí ẹ kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì ní −18 °C; bí NEPA bá mú iná lọ tí yìnyín yọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọjọ́ kìíní. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ má tú náílọ́ọ̀nù fún wákàtí 24, kí omi má baà sẹ̀ sórí ewé. Ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ ẹranko àti ohun tó ti kan kẹ́míkà ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Eku ò gbọdọ̀ wọ inú ilé rárá, torí ibà Lassa.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀: àpótí kòkòrò gbọ́dọ̀ pa dé dáadáa. Ẹ ti ẹsẹ̀ tábìlì bọ inú agolo òróró nítorí èèrà. Omi lásán á di ibi tí ẹ̀fọn ń yé sí. Mo bẹ yín, bí ọmọ jòjòló bá wà nínú ilé, ẹ jìnnà sí kàfúrà. Ọmọ tí èròjà G6PD kò tó nínú ara rẹ̀, èéfín kàfúrà lè ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, kí ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Kò sí àpótí kòkòrò tó tó ìyẹn.

Ethanol tí a fi ń tọ́jú kòkòrò pamọ́, ìgò kékeré kan tó. Fún ti 70%, ẹ bu mìlílítà 73 ti 96%, kí ẹ fi omi 27 sí i. Kó má ṣe sí nínú ìgò omi mímu, kó má sì súnmọ́ gáàsì tàbí jẹnẹrétọ̀. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ lébẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀. Ti bírò á ṣí dànù. Fọ́málínì ò ní àyè nílé ẹbí.

Lójú ará ilé, ẹni tó jókòó nílé ò níṣẹ́. Ẹ má bínú sí wọn. Ẹ lọ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ ṣàlàyé wákàtí iṣẹ́ yín, kí ẹ sì máa jẹ́ iṣẹ́ ilé kó tó tó aago mẹ́sàn-án àti lẹ́yìn aago mẹ́rin. Wọ́n á ṣì pè yín. Nítorí ìyẹn, bí ẹ bá ń ka kòkòrò lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ máa fa ìlà sínú ìwé, mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ má kà á sórí.

Láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ já ẹ̀ka mẹ́ta lára igi kan náà, nọ́ńbà kan náà. Ọ̀kan dúró sọ́wọ́ yín, ọ̀kan wà ní ìpamọ́ fún onímọ̀ tó bá máa yẹ̀ ẹ́ wò, ìkẹta lọ sí Forest Herbarium, ilé tí wọ́n ń tọ́jú ewé gbígbẹ sí, tó wà ní Jericho, n'Ìbàdàn, tòun ti lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀.