Èsì wa sí ohun tí Ìyá Ìbejì kọ nípa ìrìnàjò Róòmù, Florence àti Venice

Ẹ kú àbọ̀, Ìyá Ìbejì, ẹ sì kú àárẹ̀ ìrìnàjò. A dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ kọ ohun tí ó tẹ́ yín lọ́rùn àti ohun tí ó bí yín nínú, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò ka ọ̀rọ̀ yín kí wọ́n tó gbé owó wá bá wa. Ẹ fún wa ní ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Ẹ yin ilé ìtura àti afinimọ̀nà tí ó tẹ̀ lé yín, ṣùgbọ́n ẹ ní ìlú mẹ́ta péré ni a mú yín dé ní ọjọ́ mẹ́jọ, nígbà tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ń polówó ìlú méje ní iye ọjọ́ kan náà. Ẹ ní a fi ọ̀rọ̀ orúkọ yọ yín lẹ́nu, a sì jí yín ní ìdájí ní Róòmù. Ẹ ní a gba owó lọ́wọ́ yín láti wo ère Dáfídì nígbà tí irú rẹ̀ wà ní gbangba lọ́fẹ̀ẹ́, pé owó tí a ná sórí oorun Venice pọ̀ jù, àti pé ẹ kò rí ilé gogoro Pisa tàbí àwòrán Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn tí ó wà ní Milan. Ní ìparí, ẹ béèrè ohun tí ẹ̀yin àti bàbá àwọn ọmọ lè lọ wò lọ́dún tó ń bọ̀. A ó dáhùn gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlú mẹ́ta ni a ó fi ṣáájú, nítorí òun ni àwọn yòókù so mọ́.

Ítálì kò tóbi lójú ẹni tí ó ti wọkọ̀ láti Èkó dé Màídúgùrì rí. Reluwé tí ń sáré máa ń gbéni láti Róòmù dé Florence ní nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀, láti Florence dé Venice kò sì ju wákàtí méjì àti díẹ̀ lọ, èyí ni ó ń jẹ́ kí ìlú méje dà bí ohun tí kò le. Ohun tí ìwé ìpolówó kì í kà mọ́ ọn ni àkókò tí a fi ń di ẹrù, tí a fi ń dá kọ́kọ́rọ́ yàrá padà, tí a sì fi ń wá ibi tí a ó gbé àpótí sí títí di ọ̀sán kí yàrá tuntun tó ṣófo. Ìdajì ọjọ́ ni ìlú kọ̀ọ̀kan tí a bá ṣí kúrò nínú rẹ̀ ń jẹ. Ọkọ̀ akérò ńlá kò sì lè wọ àárín àwọn ìlú àtijọ́ wọ̀nyí bí ó ṣe wù ú. Ibi tí ìjọba ìlú bá yà sọ́tọ̀ ni yóò já èrò sí, ẹsẹ̀ ni wọn yóò sì fi rin ìyókù. Ẹni tí ó bá lọ sí ìlú méje ní ọjọ́ mẹ́jọ yóò ya fọ́tò níwájú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò wọ̀ nínú wọn. Àwa mọ̀ọ́mọ̀ ṣètò tiwa kí ẹ lè wọlé ni, a kò sì ní yí i padà.

Ẹ jẹ́ kí a fi Colosseum, pápá ìjà àwọn ará Róòmù àtijọ́, ṣe àpẹẹrẹ. Ọba Vespasian ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, Titus ọmọ rẹ̀ sì ṣí i ní ọdún 80 lẹ́yìn ìbí Kristi. Ẹni tí ó dúró ní títì yóò rí odi rẹ̀, odi náà sì wuyì láti wò, ṣùgbọ́n inú lọ́hùn-ún ni ẹ ti rí àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ abẹ́ ilẹ̀ níbi tí wọ́n ń kó ẹranko àti àwọn tí yóò jà sí kí wọ́n tó gbé wọn sókè sójú agbo. Tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ní àkókò ìwọlé lára, láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 sì ni wọ́n ti ń kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín sí i, tí wọ́n sì ń fi wé ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ìdí tí a fi ń béèrè orúkọ yín léraléra nìyẹn. Ọmọ Yorùbá lè ní orúkọ àbísọ, oríkì, orúkọ ìsàmì àti orúkọ ọkọ, kí pásípọ́ọ̀tù sì mú díẹ̀ nínú wọn. Àwọn tí pásípọ́ọ̀tù mú yẹn gan-an ni a nílò, bí wọ́n ṣe tò wọ́n síbẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ yín kan náà ni a ti rí ẹni tí ó fi orúkọ tí wọ́n ń pè é nílé ránṣẹ́ sí wa. (Orúkọ náà dùn ún pè, ṣùgbọ́n kò sí ní pásípọ́ọ̀tù.) Tíkẹ́ẹ̀tì yìí náà ni ó gbé yín wọ Forum, níbi tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ti ń ṣe ọjà, ẹjọ́ àti ìṣèlú, àti òkè Palatine, níbi tí ààfin àwọn ọba wọn wà. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni kì í ráyè dé òkè yẹn nítorí pé ọkọ̀ ìlú mìíràn ń dúró dè wọ́n.

Ní ti jíjí ní ìdájí, Bàsílíkà Pétérù Mímọ́ kì í gba owó ìwọlé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ láìgba ibi àyẹ̀wò ara àti ẹrù kọjá. Aago méje òwúrọ̀ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, bí ilẹ̀ bá sì ti mọ́ gbáà, ìlà náà lè yí gbàgede ìta po lábẹ́ oòrùn. Ẹ̀yin ráyè dúró níwájú Pietà, ère Màríà tí ó gbé òkú Jésù lé ẹsẹ̀, èyí tí Michelangelo, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Ítálì, gbẹ́ parí nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25. Ẹ̀yìn gíláàsì ni ère náà wà láti ìgbà tí ọkùnrin kan fi òòlù bà á jẹ́ ní ọdún 1972, nítorí náà ẹni tí ó bá dé nígbà tí èrò ti kún kò ní rí ju ẹ̀yìn orí àwọn tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí a yàn náà ní ìdí tirẹ̀. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, Póòpù máa ń gbàlejò ọ̀pọ̀ ènìyàn ní gbàgede, bàsílíkà kì í sì í ṣí fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ lásìkò náà. Ní ọjọ́ Àìkú, mùsíọ́mù Fátíkàànì kì í ṣí àfi èyí tí ó kẹ́yìn oṣù, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí èrò sì ń wọ́ lọ bí ẹní lọ sí ọjà. Ọjọ́bọ̀ ni a fi tiyín sí. Bí a ṣe ní kí àwọn obìnrin mú ìborùn dání, kí àwọn ọkùnrin má sì wọ ṣòkòtò péńpé, òfin ibẹ̀ ni: èjìká àti orúnkún gbọ́dọ̀ wà ní bíbò, ooru ìbáà mú bí ó ti lè mú.

Nínú mùsíọ́mù náà ni ilé àdúrà Sistine wà. Láti ọdún 1508 sí 1512 ni Michelangelo fi kun àjà rẹ̀. Nígbà tí ó di àgbàlagbà, ó padà wá, ó sì kun Ìdájọ́ Ìkẹyìn sára ògiri ẹ̀yìn pẹpẹ, èyí tí ó parí ní 1541. Wọn kì í gbà kí ènìyàn ya fọ́tò níbẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n sì ń fẹ́. Ìdí nìyẹn tí afinimọ̀nà yín fi dá yín dúró ní ìta láti ṣàlàyé àwòrán kọ̀ọ̀kan, èyí tí ẹ pè ní ìfàkókòṣòfò. Ẹni tí ó bá wọlé láìgbọ́ àlàyé yẹn yóò wòkè títí ọrùn yóò fi ro ó, kò sì ní mọ ibi tí ìtàn Nóà ti bẹ̀rẹ̀.

Pantheon, tẹ́ḿpìlì àtijọ́ tó wà ní Róòmù, nìkan ni a kò ní lo gbólóhùn púpọ̀ lé lórí, nítorí pé ẹ̀yin fúnra yín yìn ín. Oṣù keje ọdún 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba yúrò 5 níbẹ̀. Òrùlé rìbìtì kọnkéré tí kò ní irin nínú, tí ó fẹ̀ ju mítà 43 lọ, tí ó sì ti dúró fún nǹkan bí ọdún 1,900, sàn ju yúrò 5 lọ lójú tiwa.

Ọ̀rọ̀ Dáfídì ni ó yẹ kí àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn kà dáadáa. Òótọ́ ni pé ère Dáfídì kan wà ní gbàgede Piazza della Signoria ní Florence, tí a kì í sanwó láti wò. Ẹ̀dà ni, ọdún 1910 ni wọ́n sì gbé e síbẹ̀. Èyí tí Michelangelo gbẹ́ láàárín ọdún 1501 sí 1504 wà níta níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, òjò àti oòrùn sì ń jẹ ẹ́, kí wọ́n tó gbé e wọ mùsíọ́mù Accademia ní 1873. Ó ga ju mítà 5 lọ, ara òkúta tí àwọn agbẹ́gilére mìíràn ti fọwọ́ kàn tí wọ́n sì pa tì fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó sì ti yọ ọ́. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ wo iṣan ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ẹ wá sọ fún wa bóyá èyí tí ó wà níta ní irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lára. Kí ẹ tó dé ìdí rẹ̀ pàápàá, ẹ gba àárín àwọn ère tí Michelangelo kò gbẹ́ parí kọjá, àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ìdajì ara wọn ṣì há sínú òkúta; àwa a máa rò pé àwọn wọ̀nyí gan-an ni ó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ han ènìyàn. Ní ti òrùlé kátídírà Florence, èyí tí Brunelleschi kọ́ láti ọdún 1420 sí 1436, a kò fi gígun orí rẹ̀ sínú ètò nítorí pé àtẹ̀gùn 463 ni, kò sí lífítì, àwọn àgbàlagbà sì pọ̀ nínú ẹgbẹ́ yín. Ẹni tí ó bá fẹ́ gùn ún lè sọ fún wa ṣáájú, kí a gba àkókò fún un.

Bí a ṣe ní kí ẹ sùn ní Venice gan-an, dípò ìlú Mestre tí ó wà ní òdìkejì afárá tí yàrá sì ń dínwó, ìpinnu wa ni. Àwọn tí ń wá fún ọjọ́ kan a máa kún ojú ọ̀nà láti àárọ̀, bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́, wọn a padà sínú reluwé, wọn a fi ìlú náà sílẹ̀ fún àwọn tí ó sùn síbẹ̀. Ẹ̀yin náà kọ ọ́ pé alẹ́ tí ẹ rìn láti afárá Rialto dé gbàgede Màákù Mímọ́ ni ó dùn mọ́ yín jù lọ. Owó yàrá ni ó ra alẹ́ yẹn. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjọba ìlú náà ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ àwọn tí kò ní sùn níbẹ̀, ní àwọn ọjọ́ tí wọ́n yàn nínú ọdún. Ẹni tí ó sùn ní Venice kì í san án, ṣùgbọ́n ó ní láti forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti gba ìwé ìdásílẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí a ní kí ẹ bá wa kún nìyẹn, a kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Iye tí ẹ san nílé ìtura jẹ́ owó orí àlejò, tí a ti kọ sínú ìwé àdéhùn pé ẹ̀yin ni yóò san án. Ọkọ̀ ojú omi gondola náà kò sí nínú ètò: yúrò 90 ni ìjọba ìlú fi sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọ̀sán, fún gbogbo ẹni tí ó bá wà nínú ọkọ̀ lápapọ̀, nítorí náà kí ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún dá a jọ ni ó dára jù.

Ọ̀rọ̀ Pisa kò gùn. Wákàtí kan péré ni reluwé ń gbà láti Florence, ọ̀sán tí a fi sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú yín sì tó láti lọ kí ẹ sì padà; àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ yín lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé gogoro náà ní 1173 lórí ilẹ̀ rírọ̀, ó sì ń tẹ̀ débi pé wọ́n tì í pa láti 1990 sí 2001 kí wọ́n lè dín títẹ̀ rẹ̀ kù. Ó dára láti rí, àmọ́ a kò ní gba alẹ́ kan kúrò ní Róòmù nítorí rẹ̀.

Milan yàtọ̀. Ara ògiri gbọ̀ngàn ìjẹun àwọn ẹlẹ́sìn ní ilé ìjọsìn Santa Maria delle Grazie ni Leonardo da Vinci kun Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn sí, ní nǹkan bí ọdún 1495 sí 1498. Ògiri gbígbẹ ni ó kùn ún sí, kò sì pẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Bọ́ǹbù tún wó apá púpọ̀ nínú gbọ̀ngàn náà ní 1943, ṣùgbọ́n ògiri yẹn kò wó. Nítorí bí ó ṣe gbẹgẹ́, àwọn ènìyàn díẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kí ó wọlé lẹ́ẹ̀kan, fún ìṣẹ́jú 15. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń tú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ síta, kì í sì í pẹ́ tán. Ẹni tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù Bìrìtìkó lè rà á lọ́jọ́ tí ó jáde. Ẹni tí ń lọ láti Ìkẹjà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba físà, a kò sì lè fi owó oníbàárà ra tíkẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ kan pàtó nígbà tí a kò tíì mọ̀ bóyá físà yóò jáde. Ìgbà tí físà ẹgbẹ́ yín fi jáde, tíkẹ́ẹ̀tì oṣù yẹn ti tán.

Èyí ni ó mú wa dé ìbéèrè yín. Bí ẹ̀yin àti bàbá àwọn ọmọ bá ń lọ, a kò ní rọ̀ yín láti padà sí Venice. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta sí Naples, tí reluwé ń gbé ènìyàn dé láti Róòmù ní wákàtí kan àti díẹ̀. Ẹ ó ti ibẹ̀ lọ sí Pompeii, ìlú tí òkè ayọnáyèéfín Vesuvius fi eérú bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79. Òun náà ń kọ orúkọ sára tíkẹ́ẹ̀tì báyìí, 20,000 ènìyàn ni wọ́n sì ń gbà lójúmọ́. Ẹ má ṣe fi mùsíọ́mù àwọn ohun àtijọ́ tó wà ní Naples sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ nínú àwọn ohun iyebíye Pompeii sí, àmọ́ kì í ṣí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ilé àdúrà Sansevero kò jìnnà síbẹ̀: ère Kristi tí a fi aṣọ bò wà níbẹ̀, aṣọ náà sì jẹ́ òkúta gẹ́gẹ́ bí ara tí ó bò, iṣẹ́ ọwọ́ Giuseppe Sanmartino ní 1753. Lẹ́yìn náà kí ẹ gba Milan kọjá fún alẹ́ méjì, kí ẹ sì gun orí òrùlé kátídírà rẹ̀, tí ó ní lífítì.

Ẹ má lọ ní oṣù kẹjọ, nítorí ooru àti nítorí pé àwọn ará Ítálì fúnra wọn ń ṣe ìsinmi lásìkò náà. Oṣù karùn-ún ni a fara mọ́. A lè fi ìwé físà sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò, nítorí náà bí ẹ bá kó ìwé yín wá sí ọ́fíìsì wa kí oṣù kejìlá tó parí, tí físà sì tètè jáde, tíkẹ́ẹ̀tì Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn ni a ó kọ́kọ́ wá, ọjọ́ tí a bá rí gbà ni a ó sì fi to ìyókù ètò yín.