Ta ló ní neuron nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ?

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan wọ aṣọ funfun bíi dókítà nínú fídíò, ó ní neuron, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń fi iná ránṣẹ́, nìkan ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ, pé ńṣe ni àwọn sẹ́ẹ̀lì yòókù kàn dì í mú kó má tú. Ó tún bu iyọ̀ sí i: ó ní wọ́n fi ìlọ́po mẹ́wàá pọ̀ ju neuron lọ.

Ti iye kò le. Ní 2009, Suzana Herculano-Houzel àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kà á: neuron jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 86, àwọn yòókù bíi bílíọ̀nù 85. Ìlọ́po mẹ́wàá dà?

Pé wọn ò ṣiṣẹ́ ló ń bí mi nínú. Mo ti jókòó nídìí máíkírósíkóòpù nínú yàrá tí wọ́n paná rẹ̀, tí mò ń wo astrocyte, ọ̀kan lára àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fojú tín-ín-rín yìí. Aró tó máa ń tàn yòò bó bá ti kan kálísíọ́mù wà nínú wọn. A kán glutamate sí i, kẹ́míkà tí neuron fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Etí sẹ́ẹ̀lì kan kọ́kọ́ tàn, ìmọ́lẹ̀ náà rọra rìn dé àárín, ó sì ré kọjá sára èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti 1990 ni wọ́n ti gbé irú èyí jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Iná mànàmáná ni àwọn aṣáájú nínú ìwádìí ọpọlọ ń wá kiri, astrocyte kì í sì í ta irú iná tí neuron ń ta. Kálísíọ́mù ni tirẹ̀.

Ibi tó wá dùn jù ni mitochondria, ilé agbára inú sẹ́ẹ̀lì. Kálísíọ́mù tó wà lóde sẹ́ẹ̀lì fi nǹkan bí ìlọ́po 10,000 ju ti inú lọ nígbà tí ara sẹ́ẹ̀lì balẹ̀. Bó bá ti ya wọlé, mitochondria tó wà nítòsí á fà á mu láti ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní MCU (2011 ni wọ́n tó dá purotéènì rẹ̀ mọ̀), á sì ta àwọn ẹ́ńsáìmù jí kí agbára lè pọ̀ sí i. Mitochondria náà sì ń tú u jáde. Ní 2017, àwọn olùwádìí ní Johns Hopkins lo eku tí wọ́n ti dí ọ̀nà ńlá mìíràn tí kálísíọ́mù ń gbà tú jáde nínú astrocyte. Síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ṣì ń tàn, ó ń kú, nínú àwọn ẹ̀ka tín-ín-rín rẹ̀. Mitochondria ló ń ṣe é: ihò kan lára rẹ̀ ń ṣí fìrí, ó ń pa dé. Nígbà tí wọ́n fi àbùkù jíìnì SOD1 tó ń fa ALS, àrùn tó ń sọ iṣan ara di aláìlágbára, sí i, títàn náà pọ̀ sí i.

Wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú ìwé. Ìwé tó ń tọ ẹ̀yìn Virchow, dókítà ará Jámánì tó fi àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí wé gọ́ọ̀mù, láti nǹkan bí 1856! Mo ti gbọ́.

Lóòótọ́, àwọn olùwádìí ṣì ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́ bóyá kálísíọ́mù yìí ni astrocyte fi ń ránṣẹ́ padà sí neuron. Kí wọ́n máa fà á. Ní 2013, wọ́n gbin irú sẹ́ẹ̀lì tó ń di astrocyte láti ara èèyàn sínú ọpọlọ eku, àwọn eku náà sì ń kọ́ nǹkan kíákíá ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Nígbà tí wọ́n gbin ti eku sínú àwọn mìíràn, kò sí ìyàtọ̀ kankan.