Ẹ Má Fi Ẹ̀sùn Ṣúgà Kan Àgbàdo

Okun o, ẹ̀yin ará Kàbà, Ìjùmú àti Yàgbà. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ láàrin wa lórí WhatsApp, tí ó ní májèlé ni ṣúgà tí wọ́n ń fi àgbàdo ṣe lókè òkun, àti pé ẹni tí ó bá ń mu ohun tí wọ́n fi ṣúgà ìrèké sí ti bọ́ lọ́wọ́ àtọ̀gbẹ. Ìdajì kejì ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń bà mí lẹ́rù, nítorí mo ti rí àgbàlagbà tí ó kọ ẹ̀kọ nítorí pé àgbàdo ni, tí ó sì ní kí wọ́n gbé mọ́ọ̀tì fún òun.

Láti inú sítáàṣì àgbàdo ni wọ́n ti ń ṣe omi ṣúgà náà. Wọ́n á kọ́kọ́ fọ́ sítáàṣì di glucose, irú ṣúgà kan, lẹ́yìn náà wọ́n á fi ẹ́ńsáìmù, èròjà tí ń yí nǹkan padà, sọ apá kan rẹ̀ di fructose, irú ṣúgà mìíràn tí ó dùn jù ú lọ. Nínú irú èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú ẹlẹ́rìndòdò ní Amẹ́ríkà, fructose jẹ́ nǹkan bí ìdá 55 nínú 100 ṣúgà inú rẹ̀. Nínú irú kejì, tí wọ́n ń lò nínú ọ̀pọ̀ oúnjẹ páálí, fructose jẹ́ ìdá 42. Ṣúgà ìrèké ńkọ́? Ìdajì fructose, ìdajì glucose ni, inú ìfun ni wọ́n sì ti ń pínyà. Ẹ̀dọ̀ ni iṣẹ́ fructose já lé léjìká jù. Bí ó bá ti pọ̀ jù fún un, ọ̀rá ni ó ń sọ ọ́ dà, ì báà jẹ́ inú oko àgbàdo ni ó ti wá, ì báà jẹ́ inú oko ìrèké.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ pariwo lórí omi ṣúgà àgbàdo kò ṣàdédé pariwo. Ìjọba Amẹ́ríkà dín ṣúgà tí ń wọlé láti òkèèrè kù, ṣúgà wọ́n, àgbàdo sì pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí ó fi di 1984, Coca-Cola àti Pepsi ti fi omi ṣúgà àgbàdo rọ́pò ṣúgà ìrèké nílẹ̀ náà. Ní 2004, àwọn olùṣèwádìí mẹ́ta, Bray, Nielsen àti Popkin, kọ ọ́ pé bí ìlò rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni àwọn ènìyàn ń sanra sí i, àti pé ó ṣeé ṣe kí ó lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2008, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà sọ pé kò jọ pé ó ń mú ènìyàn sanra ju àwọn ṣúgà yòókù lọ. Láti nǹkan bí 1999 sì ni ìlò rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ ìsanrajù kò dúró. Ní tèmi, ọ̀pọ̀ tí ó pọ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ohun tí ó dùn tí kò sì wọ́n, gbogbo nǹkan ni wọn yóò fi í sí, títí kan búrẹ́dì.

Ní Nàìjíríà, ṣúgà ìrèké ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ẹlẹ́rìndòdò wa, àtọ̀gbẹ kò sì torí ìyẹn fojú fò wá. N kò sọ pé kí alátọ̀gbẹ máa mu ògì láìwọ̀n, nítorí sítáàṣì ni, yóò sì di glucose nínú ara. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a bẹ̀rù egbo àti àgbàdo sísè, kí a wá gbójú fo ìgò. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó dára bí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ kò bá kọjá nǹkan bí gíráàmù 25 lóòjọ́, ìyẹn ṣíbí tíì 6. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sára ìgò pé gíráàmù 10 wà nínú 100ml, ẹni tí ó dá ìgò 50cl, ìyẹn 500ml, mu ti mu gíráàmù 50, ìlọ́po méjì. Ẹ wo iye ìgò tí ọmọ kékeré ń mu níbi ìnáwó kan ṣoṣo.

Òfin ìṣúná 2021 fi owó orí náírà 10 lé lítà ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan. Ó kéré lójú mi, kò sì bi ilé-iṣẹ́ léèrè bí ṣúgà inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Láti 2018 ni Gúúsù Áfíríkà ti ń gba tiwọn lórí gíráàmù ṣúgà tí ó bá ju 4 lọ nínú 100ml, tí ó fi jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ tí ó bá dín ṣúgà kù ni yóò san owó díẹ̀. Irú òfin yìí ni mo fẹ́ kí àwọn tí a dìbò fún láti ìwọ̀-oòrùn Kogí gbé dìde l'Ábùjá, kí wọ́n sì fi kún un pé kí wọ́n kọ iye ṣúgà gàdàgbà sí iwájú ìgò, níbi tí ìyá àgbà pàápàá yóò ti rí i.