Fọ́tò dáṣíbọ́ọ̀dù kọ́ ni alùpùpù

Àbúrò mi kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ àná. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń wá páwà báìkì àlòkù, ó sì ní òun ti rí èyí tó tẹ́ òun lọ́rùn. Mo ṣí fọ́tò náà, dáṣíbọ́ọ̀dù ni mo bá níbẹ̀. Kò ya alùpùpù o. Dáṣíbọ́ọ̀dù nìkan ló yà, pẹ̀lú nọ́ńbà iye tí alùpùpù náà ti rìn tó ń tàn lójú rẹ̀: 9,400 kìlómítà. Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo máílééjì! Ìkókó ni. Ìdí tó fi wọ́n ju àwọn yòókù lọ nìyẹn."

Mo ní, táyà rẹ̀ ńkọ́, ọdún wo ni wọ́n ṣe é? Kò mọ̀. Ṣé nọ́ńbà ara férémù bá ti inú ìwé mu? Kò tíì wò ó. Ṣéènì ńkọ́? "Ẹ̀gbọ́n, mo ní 9,400 ni." Àfi bí ẹni pé adití ni mí.

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú mi. Mo wá ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, kó lè jẹ́ pé òun ni n ó máa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá tún fi fọ́tò dáṣíbọ́ọ̀dù dà mí láàmú. Kìlómítà kékeré kò ní kí alùpùpù dára. Kò sọ pé ojúlówó ni. Kò sì tó ohun tí èèyàn ń tìtorí rẹ̀ san owó gọbọi.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí nọ́ńbà yẹn ṣe ń débẹ̀. Lára àwọn alùpùpù àtijọ́, wáyà kan ló sábà máa ń ti ẹsẹ̀ iwájú wá sí ìdí míta. Bí táyà bá ṣe ń yí ni wáyà ń yí, tí míta sì ń kà. Ẹni tó bá tú ìdí wáyà yẹn lè gùn ún yí ayé ká, míta kò ní gbọ́. Lára àwọn ti òde òní, sensor, ẹ̀rọ kékeré kan, ló ń ka yíyí táyà, inú dáṣíbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tọ́jú iye tí wọ́n kà sí. Tí wọ́n bá yọ dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn, tí wọ́n fi ti alùpùpù mìíràn sí i, kìlómítà alùpùpù mìíràn ni ẹ ń kà yẹn. Kò tiẹ̀ dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá gbèrò láti rẹ́ yín jẹ. Iwájú pátápátá ni dáṣíbọ́ọ̀dù wà, tí alùpùpù bá forí gbá nǹkan, ó wà lára ohun tó máa kọ́kọ́ fọ́. Wọ́n á wá àlòkù fi rọ́pò rẹ̀, alùpùpù tó ti rin 50,000 á sì di ọmọ 9,000 láàárín wákàtí kan.

Ẹni tó bá ṣì rò pé ojú míta kì í parọ́, kó rántí páwà báìkì Yamaha R6 ti ọdún 2006. Ilé iṣẹ́ náà polówó pé ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń yí dé 17,500 ní ìṣẹ́jú kan, ohun tí míta tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnì sì ń sọ nìyẹn. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n dáadáa, nǹkan bíi 16,200 ni. Yamaha jẹ́wọ́, wọ́n sì ní kí àwọn oníbàárà ní Amẹ́ríkà tí inú wọn kò dùn dá tiwọn padà kí wọ́n gba owó wọn. Míta tó tuntun láti ilé iṣẹ́ nìyẹn o, ká má tíì sọ èyí tó ti gba ọwọ́ ẹni mẹ́rin kọjá.

Èmi náà ti kó sí i rí, mi ò ní purọ́. Ẹlẹ́ńjìnì 600cc kan ni, 11,000 kìlómítà lójú míta. Ó ń dán yanran. Ẹni tó tà á fún mi ti fọ̀ ọ́ débi pé mo lè ka eyín mi lára táńkì rẹ̀. Mo sanwó ju bó ṣe yẹ lọ, mo sì ń yọ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan ni ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀. Mo tú ike abẹ́ rẹ̀, mo sì rí bóòtù tí wọ́n fi ń dí ihò ọ́ìlì: wọ́n ti lu ihò tín-ín-rín kan la orí rẹ̀ já, kò fẹ̀ ju ojú abẹ́rẹ́ ńlá lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè rò pé bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Pápá eré ìje ni wọ́n ti ń fi wáyà kọjá nínú irú ihò yẹn, kí bóòtù má bàa tú lórí eré kó da ọ́ìlì sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó ń gun alùpùpù lọ síbi iṣẹ́ kò ní ohun tó fẹ́ fi ihò yẹn ṣe.

Ara mi ti ń gbọ̀n nígbà yẹn. Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo tàn án sí ọrùn alùpùpù náà. Nísàlẹ̀ ibi tí háńdù ti ń yí, irin kékeré kan wà lọ́tùn-ún àti lósì tí kì í jẹ́ kí háńdù yí kọjá ààlà. Ti ọ̀tún ti tẹ̀ wọnú bí amọ̀ tútù. Irin yẹn kì í tẹ̀ bẹ́ẹ̀ láti inú gígùn lásán, àfi tí háńdù bá fi gbogbo agbára gbá a, bó ṣe máa ń rí tí alùpùpù bá ṣubú lórí eré. Wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú bo ojú ibẹ̀. Irun búrọ́ọ̀ṣì kan ṣì lẹ̀ mọ́ inú ọ̀dà náà.

Mo wá wọn páànù bíréèkì iwájú, ìyẹn irin pẹlẹbẹ róbótó tí bíréèkì máa ń fún mọ́ra. Ilé iṣẹ́ máa ń tẹ ìwọ̀n tí páànù kò gbọ́dọ̀ tín-ín-rín jù sí ara rẹ̀, ẹ ó rí MIN TH níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà. Tèmi ní 4.5 mílímítà. Ohun tí mo wọ̀n jẹ́ 4.3. Irin ti jẹ tán, míta ṣì ń sọ pé 11,000.

Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta alùpùpù, míta ni mo máa ń wò kẹ́yìn. Ọrùn ni mo kọ́kọ́ ń wò, nítorí ibẹ̀ náà ni nọ́ńbà férémù sábà máa ń wà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni lára àwọn tó ń tẹ̀ lé ìlànà àgbáyé fún nọ́ńbà férémù, kò sì sí I, O tàbí Q nínú rẹ̀. Mo ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé, mo sì ń fi ìka pa á. Bí ojú irin bá rí bí ibi tí wọ́n ti fi fáìlì ha, tàbí tí ọ̀dà ibẹ̀ bá tuntun ju ti àyíká rẹ̀ lọ, mi ò kì í bi wọ́n ní ìbéèrè kejì.

Ní ti ike ara rẹ̀, ẹ má wo iwájú, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe sábà máa ń ní àmì àti nọ́ńbà tí wọ́n dà mọ́ inú ike. Ayédèrú lè mọ́ lójú bí dígí, kí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, kí ihò bóòtù rẹ̀ má sì bára wọn mu.

Táyà ńkọ́? Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó tẹ̀ lé e ni ọdún. 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2019. Bí táyà bá tuntun lára alùpùpù tí wọ́n ní kò rìn, ẹ béèrè ohun tó jẹ ti àkọ́kọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ti àkọ́kọ́ náà ló ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ó ti le bí igi, owó yín ni yóò rọ́pò rẹ̀.

Èyí ló sì máa ń bí mi nínú jù. Ká tiẹ̀ ní nọ́ńbà náà jẹ́ òótọ́, alùpùpù tó jókòó ń jẹ ara rẹ̀ ni. Ọ́ìlì bíréèkì ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Ìdí tí ilé iṣẹ́ fi ní ká máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì nìyẹn, à báà gùn ún, à báà má gùn ún. Epo tó pẹ́ nínú táńkì á di gọ́ọ̀mù. Rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró nínú fọ́ọ̀kì iwájú á gbẹ. Bátìrì á kú.

Wọ́n á ní ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ló gbó díẹ̀. Ó dáa, ṣé gbogbo kìlómítà ló dọ́gba ni? Ẹni tó wà ní gíà kẹfà lójú ọ̀nà gbọọrọ, tí ẹ́ńjìnì ń yí 6,000, àti ẹni tó ń fi 14,000 já kọ́nà ní pápá, ọ̀kan ṣoṣo ni míta ń kà fún àwọn méjèèjì. Wọ́n á tún ní páwà báìkì tó bá ti rin 30,000 ti gbó. Ta ló sọ fún wọn? Ilé iṣẹ́ tó ṣe R6 kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣí orí ẹ́ńjìnì láti wọn àyè fáàfù, àwọn ọmọ ìlẹ̀kùn tó ń ṣí tó ń pa nínú ẹ́ńjìnì, títí yóò fi rin nǹkan bíi 40,000. Ohun tí ẹlẹ́rọ kò tíì ní ká yẹ̀ wò, ẹ̀yin ti sin ín.

Èyí tí mò ń gùn báyìí, 47,000 ni mo bá lójú rẹ̀. Gbogbo èèyàn ń sá fún un, ìdí nìyẹn tí mo fi rí i rà ní ẹ̀dínwó. Ẹni tó ni ín gbé báàgì ìwé jáde: ọjọ́ tó pààrọ̀ ọ́ìlì, ọjọ́ tó ra ṣéènì, ọjọ́ tí wọ́n wọn fáàfù. Ó ti kọjá 80,000 báyìí. Kílọ́ọ̀ṣì àti ṣéènì ni mo pààrọ̀, ká yọ táyà kúrò.

Ní ti iye tó yẹ, ẹ wo iye tí irú rẹ̀ ń lọ ní tòótọ́, kì í ṣe iye tí àwọn tó ń tà ń dárúkọ. Ẹ wá máa yọ kúrò níbẹ̀: táyà méjèèjì, ṣéènì pẹ̀lú sprocket rẹ̀ (irin eléyín tí ṣéènì ń yí lé lórí), páànù bíréèkì, iṣẹ́ fáàfù tó bá ti tó àkókò. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye tí wọ́n ná sórí sàlẹ́ńsà olóhùn ńlá, ẹ kí wọn kú ìnáwó. Adùn ara wọn ni wọ́n ná an fún. Ẹ béèrè èyí tí ilé iṣẹ́ gbé e wá. Tó bá wà nínú páálí nílé, ìyẹn ló lówó lórí.

Mo gbà pé tó bá jẹ́ Honda RC30, irú èyí tí àwọn olówó ń gbé sí pálọ̀ bí ère, kìlómítà kékeré tó ní ẹ̀rí lè sọ owó rẹ̀ di ńlá. Ṣé RC30 ni àbúrò mi ń rà?

Ó tún pè mí láàárọ̀ yìí láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á. Táyà iwájú jẹ́ 2018, ti ẹ̀yìn jẹ́ 2022. Ó ní òun fẹ́ tan iná fóònù sí ọrùn rẹ̀ bí mo ṣe sọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ní kò sóhun tí wọ́n ń wá níbẹ̀, pé ṣé kò rí míta ni.

Mo ní kó máa bọ̀ nílé.