Ọwọ́ Yá, Àwòrán Ò Yá

Ẹ bá mi kí àwọn ẹnjiníà ìwòyí kú iṣẹ́. Iṣẹ́ tí wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni mo ń kí wọn fún o. Bí ẹ bá wo WhatsApp wọn, ẹ ò ní rí ẹ̀rọ kankan tí wọ́n yà parí. Ọwọ́ ọ̀tún lásán lẹ máa rí lórí máòsì tó ń tan iná aláràbarà, tó ń ta gìrì sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì, bí ọwọ́ ẹni tí ìjàlọ kó wọ apá aṣọ rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń fi yangàn nìyí. Nínú SolidWorks, tí wọ́n fi ń ya àwòrán ẹ̀rọ, bí o bá tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì mọ́lẹ̀ tí o fà á díẹ̀, òrùka kékeré kan á yọ sójú kọ̀ǹpútà. Ibi tí o bá fà á sí ló máa sọ iṣẹ́ tí o fẹ́: ìhín lè jẹ́ ìlà, ọ̀hún róbótó, ìsàlẹ̀ ìwọ̀n. Ọdún 2010 ni wọ́n gbé e dé. Apá mẹ́rin ló máa ń ní bí o kò bá fọwọ́ kàn án, o sì lè sọ ọ́ di mẹ́jọ. Kò burú. Ẹni tó ń yàwòrán láti àárọ̀ dalẹ́ kò ní máa sáré lọ òkè ojú kọ̀ǹpútà lọ mú ìlà ní gbogbo ìgbà. Mẹ́rin tó o jàre. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀dà 2018 dé, wọ́n ní ó lè tó 12. Ibẹ̀ ni wèrè wọ̀ ọ́.

Bí òrùka bá pín sí 12, dìgírì 30 péré ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ (sketch) ní òrùka tirẹ̀, ẹ̀yà ẹ̀rọ ní tirẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n tò pọ̀ ní tirẹ̀, àwòrán orí pépà náà ní tirẹ̀. Ó di 48. Ọmọ tí kò mọ nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀ lórí ló fẹ́ há 48 sọ́rùn ọwọ́. Gordon Kurtenbach àti Bill Buxton ti Yunifásítì Toronto ti dán irú òrùka báyìí wò, wọ́n sì kọ ọ́ jáde lọ́dún 1993 pé bí apá rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ ni ọwọ́ ń falẹ̀, tí àṣìṣe sì ń pọ̀. Ṣé ẹnjiníà wa ráyè kà á? Àwọ̀ iná tó máa bá 12 mu ló ń wá.

Bàbá wẹ́dà kan gbé iṣẹ́ fún ọ̀kan nínú wọn, pé kó bá òun ya ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́.

"Ẹnjiníà, ṣé ó ti jáde?"

"Ẹ ṣe sùúrù, sà. Mo ṣì ń to ọwọ́ mi ni."

"Kí ló ṣe ọwọ́ ẹ?"

"Mo fẹ́ gbé ìlà kúrò lápá òsì lọ sókè."

"Ìlà inú ẹ̀rọ mi?"

"Rárá, sà. Ìlà inú òrùka."

Bàbá wò ó títí. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó gé irin, ó jó o pọ̀. Nígbà tí àwòrán ẹnjiníà máa fi dé, ihò tó yẹ kí irin ìyípo gbà kọjá kò ní ìwọ̀n. Wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Tiwa ń lu bọ́tìnnì lójú kan, òrùka ló ń fà yọ.

Ẹ má rò pé àwọn àgbà AutoCAD, ètò ìyàwòrán mìíràn lórí kọ̀ǹpútà, sàn, àwọn tí ń fọwọ́ òsì tẹ L fún ìlà, C fún róbótó, TR fún gígé. Wọ́n á bú àwọn ọmọ yìí tán, wọ́n á wá ṣí acad.pgp, fáìlì tó ń sọ iṣẹ́ tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń ṣe, wọ́n á da lẹ́tà inú rẹ̀ rú débi pé bí ọmọ iṣẹ́ wọn bá tẹ C, Ọlọ́run ló mọ ohun tó máa jáde. Ṣekárími òsì ń bú ṣekárími ọ̀tún.

Ọjọ́ tí Windows bá kú ni kí ẹ wá wo ọ̀fọ̀. Wọ́n á tún SolidWorks gbé sí i, òrùka á padà di mẹ́rin, ẹnjiníà á káwọ́ lérí. Bẹ́ẹ̀, inú SolidWorks yẹn náà ni ibi tí èèyàn ti lè kó gbogbo ètò rẹ̀ sínú fáìlì kan wà, kó gbé e sórí flash, kó mú un lọ ibi tó bá wù ú. Ẹni tó mọ gbogbo igun òrùka kò mọ ibẹ̀.

Èyí tó lọ ṣe ìdánwò iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà olówó iṣẹ́ ló tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n ní kó ya flange oníhò mẹ́rin, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń so páìpù pọ̀. Ó fa bọ́tìnnì ọ̀tún, róbótó ló ń wá, àwòrán kẹ̀yìn sí i. Ó tún fà á, àwòrán dojú délẹ̀. Ó yíjú sí ọ̀gá: "Ẹ má bínú, sà, máòsì yín ò mọ̀ mí."

Ní báyìí wọ́n ti ń ra máòsì tó ní bọ́tìnnì 12 fún àtàǹpàkò nìkan. Àwọn kan ti ń bèèrè pẹ́dà tí wọ́n á máa fẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí bàbá wẹ́dà gbọ́ o. Ó pẹ́ tí máṣínì ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ ti ní pẹ́dà, aṣọ ló sì ń tibẹ̀ jáde.